Fàájì alẹ́ láti Mọ́kọ́lá dé Dùgbẹ̀: ibi tó dùn àti ibi tó kù díẹ̀ káàtó

Bí ẹ bá béèrè ibi fàájì lọ́wọ́ ọ̀dọ́ Ìbàdàn lónìí, Bódìjà, Ring Road tàbí Akóbọ̀ ni yóò kọ́kọ́ dárúkọ. Kò purọ́. Ibẹ̀ ni àwọn ilé ijó tuntun pọ̀ sí, ibẹ̀ ni iná aláràbarà wà. Ṣùgbọ́n àlejò tó bá fẹ́ mọ bí Ìbàdàn ṣe ń jayé orí ẹ̀ láti ayé bàbá wa, ọ̀nà tó ti orí òkè Mọ́kọ́lá sọ̀ kalẹ̀, tó gba Sábó àti Èkótẹ̀dó kó tó já sí Dùgbẹ̀, ni kó lọ. Gbogbo ẹ̀ kò tó kìlómítà 3. Ó yẹ fún odindi alẹ́ kan, bí ẹ bá tètè jáde, tí ẹ jẹun kí ẹ tó mutí, tí ẹ sì kúrò níbẹ̀ nígbà tí aago 11 bá ń lọ lù. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ní aago 11, tó ń wá kílọ́ọ̀bù kiri, ti pàdánù ohun tó dáa níbẹ̀, èyí tí kò dáa nìkan ló kù tí yóò bá pàdé.

Ìdí tí fàájì fi gbilẹ̀ sí apá ibẹ̀ kò ṣòro. Ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901, ibùdó rẹ̀ sì wà ní Dùgbẹ̀. Ilé ìṣòwò òyìnbó tẹ̀ lé e, àwọn ará Lẹ́bánónì tẹ̀ lé e, àwọn akọ̀wé láti Èkó, Ìjẹ̀bú àti ilẹ̀ Ìgbò náà dé. Ní 1916, àwọn Hausa tó ń ta obì àti màlúù rí ibùgbé tiwọn gbà ní Sábó. Ẹ rí i pé àlejò ló pọ̀ jù ní gbogbo àdúgbò wọ̀nyí. Ẹni tí bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò sí nítòsí láti bi í léèrè ibi tó ti ń bọ̀, kì í tètè wọlé sùn. Òtẹ́ẹ̀lì àti ilé ọtí fi ibẹ̀ ṣelé ju agbo ilé àtijọ́ lọ, ní Ọjà'ba àti Òkè-Ààrẹ, níbi tí àgbà ilé ti ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà.

Nígbà tí Ìbàdàn jẹ́ olú ìlú Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, owó kòkó wọ ìlú, òṣìṣẹ́ olówó oṣù sì pọ̀. Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ ní 1959, wọ́n parí Ilé Kòkó alájà 26 ní Dùgbẹ̀ ní 1965, Premier Hotel sì ṣílẹ̀kùn lórí òkè Mọ́kọ́lá ní 1966. Orin highlife ló ń jẹ́ nígbà yẹn. Eddy Okonta àti ẹgbẹ́ rẹ̀, Top Aces, ló ń fọn fèrè ní Paradise Hotel. Roy Chicago náà kọ́kọ́ ṣe tirẹ̀ nílùú Ìbàdàn ní Central Hotel kó tó kó lọ sí Èkó. Ní 1961, Ulli Beier, Wole Soyinka, Chinua Achebe, J. P. Clark, Christopher Okigbo àti àwọn mìíràn dá Mbari Club sílẹ̀ nínú ilé tó ti jẹ́ ilé oúnjẹ àwọn ará Lẹ́bánónì rí, lápá Dùgbẹ̀ yìí kan náà. Wọ́n ń ṣe eré orí ìtàgé níbẹ̀, wọ́n ń pàtẹ àwòrán, wọ́n sì ń tẹ ìwé.

Ẹ má retí pé ẹ ó bá gbogbo ìyẹn bó ṣe wà nígbà náà. Kò sí ẹni tó máa mú yín káàkiri pẹ̀lú àsíá lọ́wọ́. Ohun tó kù ni ilé alájà méjì pẹ̀lú bákónì onírin, Ilé Kòkó fúnra rẹ̀, tó jóná ní 1985 tí wọ́n sì tún un ṣe, àti àṣà ìjókòó alẹ́ tí kò tíì kú. Àṣà yẹn gan-an ni a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ níhìn-ín.

Ìkìlọ̀ kan fún ẹni tó ń wá ibùgbé Mbari àtijọ́ tàbí ilé àwọn oníṣòwò àtijọ́: ẹ má sọ "Gbági", orúkọ tí wọ́n ń pe àdúgbò oníṣòwò náà láyé àtijọ́, lásán fún awakọ̀. Ọ̀nà Ifẹ̀ ni Gbági tuntun wà, ọjà aṣọ ńlá tí wọ́n fi orúkọ Bọ́lá Ìgè pè, ibẹ̀ sì ni awakọ̀ yóò gbé yín lọ láìbi yín léèrè. Dùgbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ilé Kòkó, ni kí ẹ sọ.

Ìgbà wo ló yẹ kí ẹ lọ?

Alẹ́ Jímọ́ àti alẹ́ Àbámẹ́ta. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ló gbóná jù nítorí òde àríyá. Àwọn tó ti òde ìgbéyàwó bọ̀ a máa ya ìsọ̀ pẹ̀lú aṣọ ẹbí lọ́rùn, onílù á sì tẹ̀ lé wọn dé ìdí tábìlì. Ọjọ́ tí Shooting Stars bá gbá bọ́ọ̀lù ní pápá Lekan Salami ní Adámásingba náà dùn. Bí eré bá ti parí nírọ̀lẹ́, gbogbo ìsọ̀ tó yí pápá ká ló ń kún fún àríyànjiyàn lórí gólù. Bí wọ́n bá fìdí rẹmi, ẹ fi ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù sílẹ̀ fún àwọn onílé.

Nínú oṣù Ramadan, ìsọ̀ ọtí a dákẹ́, ṣùgbọ́n Sábó a máa ta yọ lẹ́yìn ìṣínu. Ẹni tí oúnjẹ mú jáde kò ní kábàámọ̀ rárá, ẹni tí bíà mú jáde ló máa jókòó lóun nìkan.

Láti oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹwàá, ẹ wojú òjò kí ẹ tó jáde. Ẹ̀yìn Adámásingba ni odò Ògùnpa ń gbà kọjá, odò tó ya pa ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́jọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980. Wọ́n ti fi kọnkéré ṣe ojú ọ̀nà rẹ̀ láti ìgbà náà, síbẹ̀ bí òjò ńlá bá ṣú lẹ́yìn aago 5 ìrọ̀lẹ́, apá Ògùnpa àti Dùgbẹ̀ ni súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ti ń kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, Mọ́kọ́lá ni kí ẹ dúró sí, òkè ni. Ẹ̀fọn tún ń bẹ lápá odò náà. Aṣọ alápá gígùn àti òróró ìlé-ẹ̀fọn ṣe pàtàkì ju bàtà tuntun lọ.

Bí ẹ ó ṣe dé ibẹ̀

Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021, Móníyà ni yóò sọ̀ sí. Móníyà sí Mọ́kọ́lá lé ní kìlómítà 10: ẹ ó gba Ọ̀jọ́ọ̀, iwájú Yunifásítì àti Sáńgo kí ẹ tó dé. Bí ó bá bọ́ sí ìrọ̀lẹ́ Jímọ́, ẹ fi wákàtí kan sílẹ̀ fún un. Ẹ má ka ọkọ̀ ojú irin mọ́ ọ̀nà àtipadà lóru, ẹ wá ibi sùn sí.

Takisí tó pọ̀ jù n'Ìbàdàn ni Micra. Ẹni méjì níwájú, ẹni mẹ́ta lẹ́yìn, owó kéékèèké lọ́wọ́. Dẹ́rẹ́bà tí kò ní ṣénjì yóò so yín pọ̀ mọ́ ẹlòmíràn pé kí ẹ lọ pín in, ẹ̀yin méjèèjì á wá máa wá ẹni tó ní ṣénjì lẹ́bàá títì. Ẹ sọ pé abẹ́ afárá Mọ́kọ́lá lẹ ti ń sọ̀. Tí aago 9 alẹ́ bá ti kọjá, ẹ má wọ ọkọ̀ àjọwọ̀ mọ́, pàápàá èyí tí ọkùnrin mẹ́ta ti jókòó nínú rẹ̀ tó ń fi ìkánjú pè yín wọlé. Ẹ dá ọkọ̀ háyà, tàbí kí ẹ pè é lórí fóònù. Àwọn awakọ̀ orí fóònù ń ṣiṣẹ́ dáadáa n'Ìbàdàn, ìṣòro wọn ni pé ọ̀pọ̀ ló fẹ́ kéèṣì lóru. Ẹ bi í kó tó gbéra, kí ó má baà fagi lé e nígbà tó bá dé ẹnu ọ̀nà.

Orí òkè ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú. Láti orí òkè Mọ́kọ́lá, níbi tí Premier Hotel àti Gbọ̀ngàn Àṣà wà, ẹ ó rí òrùlé onípáànù pupa tó lọ salalu títí dé ìsàlẹ̀, Ilé Kòkó á sì yọrí láàárín wọn. Kí ẹ tó gùn ún, ẹ pè wọ́n tẹ́lẹ̀ láti mọ ohun tó ń lọ níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ìsọ̀kalẹ̀ rọrùn fún ẹsẹ̀, Sábó sì ni ẹ ó bá nísàlẹ̀ ní àsìkò tí iná súyà ń ràn.

Ẹ jẹ àmàlà kí aago 5 tó lù. Àmàlà Ìbàdàn kì í ṣe oúnjẹ òru. Ní ọ̀sán ni ìkòkò ń kún, tí gbẹ̀gìrì ṣì ki, tí ewédú ṣì ń yọ̀. Nígbà tí ó bá fi di ìrọ̀lẹ́, ṣàkì àti bọ̀kọ́tọ̀ ti tán, omi ti pọ̀ nínú ohun tó kù. Ikùn tí àmàlà bá ti wà nínú rẹ̀ lè gba ọtí. Ikùn òfìfo ló ń fa gbogbo ìtàn tí àwọn àlejò ń sọ lọ́jọ́ kejì.

Súyà Sábó

Bí ẹ bá ní àyè fún ohun kan ṣoṣo lójú ọ̀nà yìí, ẹ jẹ́ kó jẹ́ súyà. Lẹ́yìn ìrun Màgírìbì ni máì súyà ń dáná. Ó ti gé ẹran sí pẹlẹbẹ, tín-ín-rín débi pé ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ rí òdìkejì rẹ̀, ó ti tì í bọ igi, ó ti fi ìyẹ̀fun kúlíkúlí, ata, atalẹ̀ àti iyọ̀ pa á lára. Yóò wá tò wọ́n yí iná ká, igi gbogbo á dorí kọ àárín, yóò máa ta òróró ẹ̀pà sí i lára díẹ̀díẹ̀. Ẹ tẹ́tí: nígbà tí ọ̀rá bá ń kán sínú ẹ̀yinná tó ń dún ṣàà, ẹran náà ti fẹ́ jinná. Ẹ dúró de èyí tó wà lórí iná. Èyí tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó dúdú tó sì gbẹ ní etí, ó lè jẹ́ tàná tí wọ́n tún gbé padà sórí iná, yàjì, ìyẹn ìyẹ̀fun ata súyà, tí wọ́n dà lé e lórí bàǹtà-banta ló sì fi ń bo ọjọ́ orí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ ní kí ó yọ̀ǹda ẹyọ kan fún yín tọ́ wò. Máì súyà tó dá ọjà rẹ̀ lójú kì í kọ̀.

Bí ẹ ó ṣe rà á: ẹ béèrè iye tí igi kan jẹ́, ẹ ka igi tí ẹ fẹ́. Ẹni tó bá sọ pé "fún mi ní ti ẹgbẹ̀rún méjì" ti fi òṣùwọ̀n lé ọlọ́jà lọ́wọ́, nítorí yóò gé díẹ̀ lára èyí, díẹ̀ lára ìyẹn, àlùbọ́sà yóò sì kún ìwé. Ẹ ní kó di yàjì lọ́tọ̀, ata rẹ̀ kì í ṣe eré. Ẹni tí ẹ̀pà kì í bá lára mu gbọ́dọ̀ sá fún súyà pátápátá, torí kúlíkúlí yẹn ẹ̀pà ni, kò sì sí bí wọ́n ṣe lè yọ ọ́ kúrò. Kábéèjì àti tòmátì tútù tí wọ́n ń fi sí i, ẹni tí ara rẹ̀ kò tíì mọ omi ìlú yìí kí ó fi sílẹ̀. Àlùbọ́sà tí wọ́n bó lójú yín kò léwu.

Yàtọ̀ sí ẹran pẹlẹbẹ, ẹ béèrè tózò, ìyẹn iké màlúù. Ọ̀rá rẹ̀ pọ̀, ó sì dùn nígbà tó gbóná nìkan. Bó bá ti tutù, ó di àbẹ́là lẹ́nu. Kílíṣí, ìyẹn ẹran gbígbẹ aláta, ni kí ẹ rà fún ilé, ó lè wà fún ọjọ́ pípẹ́ bí omi kò bá kàn án. Fùrá tútù tún ń bẹ, èyí tó ń pa iná ata ju mínírà lọ.

Àdúgbò Mùsùlùmí ni Sábó. Ẹ má gbé ìgò bíà rìn gba iwájú mọ́sálásí, ẹ má sì dúró sójú ọ̀nà nígbà tí wọ́n bá tẹ́ ẹní ìrun dé ẹ̀bá títì. Ẹ di súyà yín, ẹ máa bá ọ̀nà lọ sí Èkótẹ̀dó, ibẹ̀ ni ẹ ti lè fi bíà sìn ín. Ọlọ́tí púpọ̀ kò bínú bí ẹ bá gbé súyà wọlé, àfi bí òun náà bá ń dá ẹran yan. Ẹ kàn bèèrè.

Ní ìsọ̀ ọlọ́tí

Ẹ kí wọn kí ẹ tó jókòó. "Ẹ kú fàájì o" ni ẹ ó kí àwọn tó wà lórí ìjókòó, "Màámi, ẹ kú ọjà" ni ẹ ó kí ìyá tó ni ìsọ̀. Ẹ má na ìka pe ọmọdébìnrin tó ń gbé ọtí, ẹ má sì pòṣé sí i. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́" ni kí ẹ pè é, bí ẹ tilẹ̀ bí i lọ́mọ. Ọ̀rọ̀ méjì yẹn ló ń pinnu bóyá ẹ ó rí ìgò tó tutù tàbí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tì bọ fìríìjì.

Jókòó sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, jìnnà sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, jìnnà sí jẹnẹrétọ̀. Bí wọ́n bá múná lọ, inú ọgbà tóóró ni ọ̀pọ̀ ìsọ̀ ti ń tan jẹnẹrétọ̀, èéfín rẹ̀ á sì kún ibẹ̀. Bí orí bá ń fọ́ yín láìtíì mu ìgò kejì, kì í ṣe ọtí, ẹ bọ́ síta kíá.

Ìgò bíà ńlá jẹ́ sẹ̀ǹtílítà 60. Ẹni tí kò lè mu tó bẹ́ẹ̀ kí ó béèrè agolo tàbí ìgò kékeré, sẹ̀ǹtílítà 33. Ẹ béèrè iye rẹ̀ kí wọ́n tó ṣí i, ẹ sì rí i pé ojú yín ni wọ́n ti ṣí i. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n kó ìgò òfìfo kúrò lórí tábìlì títí ẹ ó fi sanwó, nítorí ìgò wọ̀nyẹn ni ìwé ẹ̀rí yín. Níbi tí ìgò bá ti pòórá, iye tó wà lórí ìwé a máa fi ẹyọ kan tàbí méjì ju ohun tó wà níkùn lọ, kì í sì í fìgbà gbogbo jẹ́ olè. Tábìlì mẹ́wàá ni ọmọdébìnrin kan ń dá ṣe, orí ló sì fi ń ṣírò.

Ẹja àrọ̀ tútù jẹ́ ọ̀ràn tirẹ̀. Inú agbada omi ni yóò wà láàyè, ẹ ó nawọ́ sí èyí tí ẹ fẹ́. Ẹ dúnàá dúrà parí kí wọ́n tó pa á. Lẹ́yìn tí orí bá ti kúrò lọ́rùn, kò sí àdínkù mọ́. Ẹ bi wọ́n bóyá owó ata, ànàmọ́ àti sísè wà nínú rẹ̀. Yíyan a máa gbà tó ìṣẹ́jú 45, ẹja inú omi ọbẹ̀ ata sì yá díẹ̀ sí i. Bí ẹja bá dé láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kì í ṣe èyí tí ẹ nawọ́ sí nìyẹn. Ẹni tí kò lè dúró kí ó jẹ àsun tàbí ẹran ewúrẹ́ nínú ọbẹ̀ ata, wọ́n sábà máa ń wà ní sẹpẹ́.

Ẹ mú owó dání. Ẹ̀rọ POS ń ṣiṣẹ́, tíráńsífà náà ń ṣiṣẹ́, àyàfi alẹ́ Jímọ́ tí gbogbo ayé ń fi owó ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Báńkì á ti yọ ọ́ lọ́wọ́ yín, fóònù ọlọ́tí kò ní tíì dún, ẹ ó sì jókòó tira yín. Bí ó bá ṣẹlẹ̀, ẹ fi ojú ìwé ìsanwó hàn án, ẹ jẹ́ kó yà á ní fọ́tò, kó sì gba nọ́ńbà fóònù yín. Kí ẹ tún san ẹlẹ́ẹ̀kejì nínú ìbínú ni ó máa ń dá wàhálà, nítorí àtigba àkọ́kọ́ padà le.

Ilé ìyàgbẹ́ ibẹ̀ kò dáa. Ẹ̀yìnkùlé ló sábà máa ń wà, omi inú bùkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń lò, iná lè má sí. Ìwé ìnudìí àti iná fóònù ni kí ẹ mú dání. Àwọn obìnrin ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù, òun sì ni àbùkù tó tóbi jù lọ ní gbogbo ọ̀nà yìí lójú tiwa.

Orin, àti ọ̀rọ̀ owó

Fújì ló gba ìgboro báyìí, inú ẹ̀rọ ló sì ti ń dún jù. Ẹgbẹ́ tó ń fi ọwọ́ ara wọn lù ṣì wà, àwọn onísákárà, onígìtá mẹ́ta mẹ́rin, àti àwọn onílù tó ń ti ìsọ̀ bọ́ sí ìsọ̀. Ìbàdàn kan náà ni olórin Dáúdà Epo Àkàrà ti gbé awúrebe, irú orin tirẹ̀, dìde kó tó di olóògbé ní 2005. Bí ẹ bá bá àgbà olórin pàdé, ẹ béèrè awúrebe, ojú rẹ̀ á tàn. Bí pátákó bá kọ aago 7, ẹ retí orin gidi ní aago 9. Wákàtí méjì yẹn, bí wọ́n ṣe ń dán ẹ̀rọ wò ni, kò sóhun tó burú bí ẹ bá ṣì wà ní Sábó.

Bí onílù gángan bá dúró tì yín, ohun tó máa ṣẹlẹ̀ nìyí. Yóò bi ẹni tó jókòó tì yín ní orúkọ yín àti ìlú yín, kò ní bi yín. Ìṣẹ́jú kan lẹ́yìn náà, ẹ ó gbọ́ orúkọ yín lẹ́nu ìlù, oríkì á tẹ̀ lé e. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ mi orí, ẹ fún un ní nǹkan. Bí ẹ kò bá fẹ́, ẹ tètè gbé ọwọ́ sókè kí ẹ sọ pé "ẹ ṣeun, ẹ kú iṣẹ́" kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá jẹ́ kí wọ́n lu oríkì bàbá rẹ̀ tán, tó wá ń wo fóònù, òun fúnra rẹ̀ ló dójú ti ara rẹ̀.

Ẹ má náwó lé olórin tàbí ẹnikẹ́ni lórí. Kò sí àlejò tí a lè tẹ èyí mọ́ létí jù. Abala 21 nínú Òfin Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti 2007 sọ pé ẹni tó bá ń ná náírà lé èèyàn lórí, tó ń jó lórí rẹ̀ tàbí tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, yóò ṣẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù 6, tàbí kí ó san owó ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì. Fún ọdún púpọ̀, ojú ìwé ni òfin náà wà. Ní 2024, ilé ẹjọ́ rán gbajúmọ̀ kan lẹ́wọ̀n oṣù 6 nítorí rẹ̀, àwọn olórin pàápàá ti ń ṣọ́ra. Ẹ ó rí àwọn onílé tó ṣì ń ná an, ẹ má tẹ̀ lé wọn, fídíò orí fóònù ni wọ́n fi ń mú èèyàn. Ẹ ká owó náà, ẹ tì í bọ ọwọ́ onílù tàbí inú àpótí iwájú ẹgbẹ́. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ti lẹ nọ́ńbà àkáǹtì mọ́ ara ìlù.

Ibi sísùn, ààbò, àwòrán

Ẹ má sùn sí òtẹ́ẹ̀lì olówó pọ́ọ́kú ní Èkótẹ̀dó tàbí ẹ̀yìn Mọ́kọ́lá. Púpọ̀ nínú wọn, wákàtí ni wọ́n fi ń ta yàrá, àwọn obìnrin aṣẹ́wó ló sì ni ẹnu ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó máa ṣe yín léṣe, ṣùgbọ́n ẹ kò ní sùn. Bódìjà tàbí Jẹ́ríkọ̀ dára jù, ọkọ̀ háyà á sì tètè gbé yín débẹ̀ lóru.

"Ìbàdàn kì í gbe onílé bí àjèjì" lòótọ́, oríkì ìlú yìí kan náà ló sì sọ pé "níbi olè gbé ń jàre olóhun." Ẹ fi méjèèjì sọ́kàn. Fóònù ni wọ́n ń jí jù, lórí tábìlì tó wà lẹ́bàá títì, tàbí lójú fèrèsé ọkọ̀ nígbà tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá dá a dúró. Ẹ tì í bọ àpò iwájú. Ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ dání, àjèjì láti òkè òkun kí ó mú ẹ̀dà ìwé ìrìnnà rẹ̀, nítorí ọlọ́pàá lè dá ọkọ̀ yín dúró lóru. Ẹ tan iná inú ọkọ̀, ẹ kí wọn, ẹ má gbé fóònù sókè.

Bárékè ọmọ ogun Letmauk wà ní Mọ́kọ́lá. Ẹ má ya fọ́tò ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ẹ má ya sójà, ẹ má tilẹ̀ ya ara yín tí ògiri rẹ̀ bá máa hàn lẹ́yìn. Wọ́n á gba fóònù yín, ẹ̀bẹ̀ á sì gùn. Ní Sábó, ẹ tọrọ àyè kí ẹ tó ya ẹnikẹ́ni, pàápàá obìnrin. Máì súyà kì í sábà kọ̀ bí ẹ bá ti ra ọjà.

Ní ti òṣùwọ̀n: súyà gba 5 nínú 5. Orin gba 4, ó lè jẹ́ 5 bí ẹ bá bá ẹgbẹ́ tó ń lu ìlù gidi pàdé. Ìtàn gba 3, nítorí ẹ̀yin fúnra yín lẹ ó máa ka ilé mọ́ ọ̀rọ̀ tí ẹ ti kà tẹ́lẹ̀. Ìmọ́tótó gba 1. Iye owó kò le, ẹni méjì á jẹ súyà, mu ìgò mẹ́rin, fún onílù lówó, síbẹ̀ kò ní tó iye tí wọ́n ń gbà lórí tábìlì kan ní àwọn kílọ́ọ̀bù Ring Road. Àwọn tó kó ọmọdé dání kí wọ́n ṣe orí òkè àti Sábó, kí wọ́n sì padà ní aago 8. Ẹni tó fẹ́ jó mọ́jú kò burú, kí ó kọ́kọ́ ṣe tirẹ̀ níhìn-ín títí di aago 10 ààbọ̀, kó wá pe ọkọ̀ lọ sí Bódìjà, níbi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọn àga. Kí ó pè é láti inú ìsọ̀, kí ó sì dúró sínú títí nọ́ńbà ọkọ̀ náà yóò fi bá èyí tó wà lórí fóònù mu.